Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Orin, Ta Ni Ó Ń Gbọ́ Wa?

Lábẹ́ ibùsùn bàbá mi ni àpótí pákó kan wà tí àwo orin 41 wà nínú rẹ̀. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá ni ó tẹ̀ lé e. Àwo jùjú kò ju mẹ́rin lọ, nítorí bàbá mi a máa sọ pé gìtá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, yóò nu eruku kúrò lára àwo kan, yóò gbé e lé orí gírámafóònù, yóò sì fi ẹ̀yìn ti àga. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó ń gbọ́ kò ju àwa ará ilé àti àwọn tí ògiri pa wọ́n pọ̀ mọ́ wa lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì wá bá a ní ìparí ọdún kí ó wí fún un pé, "Ìgbà báyìí ni o gbọ́ orin báyìí, aago méjì òru sì ni o fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ."

Èmi ni wọ́n wá wí bẹ́ẹ̀ fún. Bàbá mi kú ní oṣù Kẹta, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì mi ní yunifásítì yìí. Fún nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, orin sákárà kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ lóru, mo máa ń fi gbohùngbohùn sétí kí àwọn tí a jọ wà nínú yàrá má baà jí. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, ilé-iṣẹ́ orin tí mo ń lò, èyí tí n kò ní dárúkọ, ṣe àkópọ̀ ọdún fún mi pẹ̀lú àwọ̀ mèremère: orin tí mo gbọ́ jù, iye ìgbà tí mo gbọ́ ọ, oṣù tí mo gbọ́ ọ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan gba fóònù mi, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì wa lórí WhatsApp. Kò mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: ta ni ó jókòó ka òru mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan?

Èyí ni ó mú mi gbé kálàmù. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, níbi tí ó jẹ́ pé oríkì, ẹsẹ̀ Ifá àti ewì ni a sábà máa ń bá pàdé. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ àpàlà, sákárà àti fújì tí a fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wa lónìí? Inú fóònù ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú fóònù ni, ó yẹ kí a mọ ibi tí orin náà ti ń wá, ẹni tí ó ń gba owó bodè lórí rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa yàtọ̀ sí owó.

Kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Àwọn òyìnbó sọ pé inú "kíláòdù" ni àwọn orin yìí wà. Bí a bá tú u sí ìkùukùu, yóò dà bí ẹni pé ojú ọ̀run ni orin ń gbé. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, ó wà nínú ilé ńlá kan lórí ilẹ̀, ó ń jẹ iná mànàmáná, ó sì ní ẹni tí ó ni ín. Bí o bá tẹ orúkọ orin kan lórí fóònù rẹ, kọ̀ǹpútà náà yóò gé orin náà wẹ́wẹ́, yóò máa fi í ránṣẹ́ sí ọ gba inú wáyà abẹ́ òkun àti òpó tí ó wà ní àdúgbò rẹ, fóònù yóò sì máa tò ó pọ̀ bí ó ti ń dé. Bí o ti ń gbọ́ èyí tí ó ti dé ni èyí tí ó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí o bá gbọ́ orin, o béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ẹni tí a bá sì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ ohun tí a béèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé.

Oríṣi méjì ni àwọn ilé ìpamọ́ orin yìí. Ọ̀kan dà bí àká: orin tìrẹ ni o kó lọ síbẹ̀. Irú èyí ni Google bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020 tí ó ní kí àwọn oníbàárà kó ẹrù wọn lọ sí YouTube Music. Irú rẹ̀ náà ni Apple ṣe ní 2011 kan náà, tí ó ń gba dọ́là 24.99 lọ́dún. Èkejì ni èyí tí ó gbòde lónìí: wọn kò ta orin fún ọ, wọ́n yá ọ ni. Spotify, tí àwọn ará Sweden méjì, Daniel Ek àti Martin Lorentzon, dá sílẹ̀ ní 2006 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008, ni ó sọ irú èyí di àṣà. Apple Music tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2015, ó sì dé Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2015 náà ni Boomplay bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdí tí ó sì fi tètè gbilẹ̀ ni pé ó ti wà nínú àwọn fóònù Tecno kí ènìyàn tó rà á jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Spotify fúnra rẹ̀ kò dé Nàìjíríà títí di oṣù Kejì 2021, ₦900 ni ó sì ń gbà lóṣù nígbà náà. Ó ti lé sí i láti ìgbà yẹn.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tí ó kan àwa tí a ní àwo àtijọ́ nílé. Apple Music àti YouTube Music gbà kí o kó orin tìrẹ, tí kò sí ní ọjà wọn, wá sí ọ̀dọ̀ wọn, títí dé 100,000 orin. Spotify kò gbà á pamọ́ fún ọ. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó bá ọ kọ èyí tí ó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ. Ẹni tí àwo bàbá rẹ̀ kò sí ní ọjà kankan yóò rí i pé ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyí.

Ní ti dátà, tí ó jẹ́ ẹkún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ìṣirò rẹ̀ kò le. Spotify ní ìpele ohùn tí ó ń lo kílóbíìtì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn 96, òmíràn 160, òmíràn 320. Bí a bá fi 8 pín 160, kílóbáìtì 20 ni. Ní wákàtí kan, ó di MB 72. Ní 320, MB 144 ni. Ní 96, kò ju MB 43 lọ, èyí tí ó kéré jù lọ kò sì tó MB 11. Fún orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1970 pẹ̀lú gbohùngbohùn kan tàbí méjì, n kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ máa fi MB 144 gbọ́ ọ, bí etí rẹ̀ kì í bá ṣe etí adẹ́tẹ̀-mọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ orin.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Èmi máa ń gba orin tèmi sílẹ̀ sínú fóònù ni." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Orin náà wà nínú fóònù rẹ, síbẹ̀ áàpù náà nìkan ni ó lè ṣí i. Bí owó oṣù bá tán, ilẹ̀kùn tì. Spotify tilẹ̀ ń fẹ́ kí o wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30 kí ó lè mọ̀ pé o ṣì ń san owó. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ni orin bá sì bá wọn jà tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò, orin yóò pòórá lórí fóònù tìrẹ náà. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Iṣẹ́ àṣekágbá ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé orin tí ó tọ́ka sí kò sí níbẹ̀ mọ́ kí olùdánwò tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ lórí owó àwọn olórin, nítorí ó kan irú orin tí ẹgbẹ́ wa ń ṣọ́. Ní Spotify, bí ènìyàn bá gbọ́ orin kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n kà á sí ìgbà kan. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún wa. Ojú kan àwo jùjú tàbí fújì àtijọ́ lè jẹ́ ìṣẹ́jú 18 láìdánudúró. Olórin yóò ki ọba, yóò ki olówó, yóò gba àwọn òṣèlú nímọ̀ràn, onílù yóò sì fi ìlù dáhùn. Bí wọ́n bá gbé e sórí Spotify gẹ́gẹ́ bí orin kan, gbígbọ́ kan náà ni, iye kan náà sì ni pẹ̀lú orin ìṣẹ́jú méjì tí ọmọ ìlú òyìnbó kọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n tún ti ṣe òfin pé orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní nítorí àwọn ẹlẹ́tàn ni, ìyẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sákárà wo ni kò ní sí nínú ewu òfin náà? Apple Music ní tirẹ̀ kọ̀wé sí àwọn olórin ní oṣù Kẹrin 2021 pé bí a bá pín in dọ́gba, sẹ́ǹtì kan ni òun ń san lórí gbígbọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lè ṣe é, nítorí kò sí ẹni tí ń gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ títí lọ níbẹ̀.

Aáwọ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an: ọ̀pọ̀ orúkọ orin ni kò ní àmì ohùn lórí àwọn áàpù yìí. Ẹ wá "oko" wò. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, oko tí a ń ro, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, gbogbo wọn ni yóò tú jáde pọ̀, pẹ̀lú èyí tí n kò ní kọ síhìn-ín.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wọ ọ̀rọ̀ bodè. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ilẹ̀ wa yóò mọ oníbodè. Oníṣòwò tí ó bá ru ẹrù dé ẹnu odi ìlú kò ní wọlé bí kò bá san owó bodè. Oníbodè kò gbin iṣu, kò hun aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2008, Apple ṣí ilé ìtajà áàpù rẹ̀, App Store, ó sì sọ pé ọ̀nà mìíràn kò sí tí áàpù fi lè wọ inú fóònù òun. (Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti fi ipá ṣí ọ̀nà mìíràn láti oṣù Kẹta 2024.) Ẹni tí ó bá ń ta bàtà tàbí tí ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò nínú áàpù rẹ̀ kò san owó bodè kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ta ohun tí kò ṣeé fọwọ́ bà, bí orin, tí ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ nínú áàpù náà, àpò Apple ni owó náà yóò gbà kọjá, Apple yóò sì yọ 30 nínú 100. Láti 2016, bí oníbàárà bá ti san owó oṣù fún ọdún kan gbáko, ó dínkù sí 15. Láti 2021, àwọn oníṣòwò kéékèèké tí owó wọn kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún náà ń san 15.

Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni, ìjà náà ìbá má le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ìdérí dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Spotify kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú áàpù rẹ̀ lórí fóònù Apple pé, "Bí o bá gba ibòmíràn sanwó, yóò dín." Ní 2014, Spotify gbà láti san owó bodè náà, ó sì bù ú lé oníbàárà lórí: ohun tí ó jẹ́ yúrò 9.99 níbòmíràn di 12.99 lórí fóònù Apple. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí Apple bá yọ 30 nínú 100 lára 12.99, nǹkan bí 9.09 ni yóò kù. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni oníbodè fúnra rẹ̀ pàtẹ orin sí ẹ̀gbẹ́ bodè, ó sì ń ta tirẹ̀ ní 9.99. Ní 2016, Spotify dáwọ́ gbígba owó níbẹ̀ dúró. Fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá ṣí áàpù náà lórí fóònù Apple tí ó fẹ́ sanwó, ńṣe ni ó máa ń wo ilẹ̀kùn tí kò sí àpèjúwe lára rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2019, Spotify gbé ẹjọ́ náà lọ sí iwájú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù. Ọdún márùn-ún gbáko ni ó gbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2024, ìgbìmọ̀ náà bu owó ìtanràn tí ó lé ní bílíọ̀nù 1.8 yúrò lé Apple, ní pàtàkì nítorí ìdérí ẹnu náà. Apple kò gbà. Ó ní Spotify ti gba ju ìdajì ọjà orin Yúróòpù lọ láìsan kọ́bọ̀ fún òun, nígbà tí ó jẹ́ pé irinṣẹ́ òun ni ó fi dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ìtumọ̀, Spotify kì í sì í ṣe ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, oníbodè lè gba owó ọ̀nà. Kò ní ẹ̀tọ́ láti di ẹnu èrò kí wọ́n má baà sọ iye tí iṣu jẹ́ ní ọjà kejì. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ eré Epic gbé dìde ní 2020 ni ó tú ìdérí náà: ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2025, adájọ́ sọ pé Apple tàpá sí àṣẹ ilé-ẹjọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i Spotify sì kọ iye rẹ̀ sójú áàpù fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Bodè Google kò le tó bẹ́ẹ̀ lójú, nítorí lórí fóònù Android ènìyàn lè gba áàpù láti ibòmíràn wọlé. Àmọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2023, òṣìṣẹ́ Google kan jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́ pé bí Spotify bá fi ọ̀nà tirẹ̀ gba owó, kò ní san nǹkan kan fún Google. Bí ó bá lo ọ̀nà Google, 4 péré nínú 100 ni. Nígbà náà, àwọn yòókù tí ń ta nǹkan olówó oṣù ń san 15. Ẹni tí ó tóbi jù ni ó san èyí tí ó kéré jù.

Nítorí pé Android ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lo áàpù orin tí àjèjì kan ti tú tí ó sì tún tò kí ó lè di ọ̀fẹ́. Mo mọ̀ pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tú u palẹ̀ láti yọ ìpolówó kúrò lè fi ohun mìíràn sí i, ìwọ sì ni o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ímeèlì àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ sínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí a dé orí òru mi. Ohun tí áàpù orin mọ̀ nípa ènìyàn pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí o fi ẹnu ara rẹ sọ, bí orúkọ, ọjọ́ ìbí àti káàdì báǹkì, èyí tí ó fojú rí, àti èyí tí ó méfò. Èyí tí ó fojú rí ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá béèrè ìtàn gbígbọ́ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Spotify yóò rí i pé fún orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, irú ẹ̀rọ tí ó lò, orílẹ̀-èdè tí ó wà, nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dá ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi gbọ́ ọ, ìdí tí orin náà fi bẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí ó fi dúró, àti bóyá ó fò ó. Ní ti èyí tí wọ́n méfò, orin òwúrọ̀ ń sọ ẹni tí ó ń jí sáré, orin òru ń sọ ẹni tí oorun kọ̀. A máa ń sọ pé ògiri létí. Ògiri bàbá mi létí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àkọsílẹ̀.

Wọn kò jọ ara wọn nínú ohun tí wọ́n ń fi ìmọ̀ yìí ṣe. Spotify ní èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ìpolówó ni ó sì ń bọ́ ọ, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ àti irú orin tí o fẹ́ wúlò fún àwọn tí ń polówó ọjà. Wọn kò ní láti mọ orúkọ rẹ kí wọ́n tó rí ọ bá sọ̀rọ̀. Apple Music kò ní ọ̀fẹ́, kò sì fi ìpolówó sí àárín orin; ó ń kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún ọ ní ibì kan tí o ti lè ní kí ó má lò ó mọ́. YouTube Music wà lábẹ́ àkáǹtì Google rẹ, orin tí o gbọ́ sì ń gbé nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú fídíò tí o wò. Mo kà á sí èyí tí ó léwu jù nítorí bí àgbàlá náà ti fẹ̀ tó. Síbẹ̀, òun ni ó fún ènìyàn ní ọkọ́ tí ó mú jù: o lè ní kí ó máa pa ìtàn rẹ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, 18 tàbí 36, o sì lè dá a dúró pátápátá.

Ní oṣù Kẹjọ 2015, Spotify gbé òfin tuntun jáde tí ó jọ bí ẹni pé yóò máa wo àwòrán, orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ àti ibi tí ènìyàn wà. Ariwo ta. Daniel Ek fúnra rẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó ní àwọn kò ní fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ oníǹkan. Ó tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbọ́ ìkọ̀kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í lóye: àwọn tí ń tẹ̀ lé ọ ni ó fi í pamọ́ fún, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà.

Àwọn oníbodè náà sọ pé àwọn ń ṣọ́ wa. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni App Store ti ń lẹ ìwé kékeré mọ́ áàpù kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Google ṣe irú rẹ̀ ní 2022. Ó dára, mo sì máa ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni áàpù ni ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí a ní kí oníṣòwò kọ ìwọ̀n gààrí sára àpò ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, Apple tún pàṣẹ pé kí áàpù máa béèrè kí ó tó tọ ipasẹ̀ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, áàpù orin kò ní kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títọ ipasẹ̀ láti áàpù ilé-iṣẹ́ kan dé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ìbéèrè náà dá dúró. Ohun tí o ṣe nínú ilé onílé, onílé ṣì ń rí i. Ní 2025, àwọn tí ń ṣọ́ ìdíje òwò ní ilẹ̀ Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúrò lé Apple nítorí ọ̀nà tí ó gbà gbé ètò yìí kalẹ̀.

Òfin ń bọ̀ lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2018. Lábẹ́ òfin yẹn ni àjọ tí ń ṣọ́ àṣírí ní Sweden fi bu ìtanràn mílíọ̀nù 58 owó Sweden lé Spotify ní oṣù Kẹfà 2023. Kì í ṣe pé Spotify tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè ohun tí ó mọ̀ nípa wọn, kò ṣàlàyé rẹ̀ yé wọn tó. Oṣù kan náà, ọjọ́ 12, ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ kan náà: láti béèrè, láti ṣàtúnṣe, láti fa ìyọ̀ǹda wa padà. Mélòó nínú wa ni ó ti lò ó rí?

Mo lò ó. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí mo ń lò pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní lórí mi fún mi. Nígbà tí ó dé, mo wá oṣù Kẹta, mo wá oṣù Kẹrin. Gbogbo òru náà ni ó wà níbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Òru kan wà tí mo gbọ́ orin náà nígbà 11. N kò rántí òru náà rárá. Ìwé wọn ni ó rántí rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo fa àpótí bàbá mi jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bá mi so gírámafóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwo tí ó jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń gbà, kò sí àbùjá níbẹ̀. Bí a bá parí mọ́kànlélógójèèjì wọn ní ìpele 160 tí mo ṣírò lókè, gbogbo rẹ̀ kò ní tó GB 2, yóò sì wọ inú káàdì kékeré tí ó kéré ju èékánná lọ. Etí ara wa ni a ṣe é fún. Màmá mi a máa wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí a bá ń ṣe é, kì í sọ̀rọ̀. Àwo 19 ni a ti ṣe báyìí. Méjì ti fọ́. Èyí tí mo ń gbọ́ lóru nígbà náà wà lára àwọn tí a ti ṣe. Ó máa ń há ní ibì kan ní ojú kejì, bàbá mi a sì máa fi ìka tì í síwájú. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gé ibẹ̀ kúrò. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.